Àǹtí Ni Mò Ń Pè É, Ni Wọ́n Bá Sọ Mí Di Ọmọ Ọ̀dọ̀ Rẹ̀

Ìyàwó ilé ni mí ní Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ní Àpápá, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Mi ò bú ara mi o, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn... ẹni tí mo tọ́ dàgbà ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, ọkọ mi mọ̀ sí i, èmi náà sì ń dáhùn bí wọ́n ṣe ń pè mí, torí náà kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ fi tèmi kún un. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo máa ń rí bí ẹ ṣe ń dá àwọn èèyàn lóhùn, ẹ kì í ṣojúsàájú, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kí ìparí oṣù tó ń bọ̀ tó dé, torí ìgbà yẹn ni ìdána. Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà, mo ti gbààwẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbi tó wà.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, kí ètò ìṣúnná ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP tó dé, àbúrò ọkọ mi obìnrin ṣì kéré gan-an, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Ìyá wọn ti kú, bàbá wọn ń ṣe oko ní abúlé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ní. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa... ẹni tí o bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, o ò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìyá mi tún un sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ. Torí náà mo sọ ọmọ tí kò léyín lórúkọ, mo ní Eyínfúnjowó, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń dirun fún un, èmi ni mò ń jókòó tì í tí ibà bá gbé e, síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ rán an níṣẹ́, mo máa ní Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ra iyọ̀ wá. "Ẹ" ni o, fún ọmọ tí mò ń fọ aṣọ ìtọ̀ rẹ̀. Kò dùn mí rí. Àṣà ni, ó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí òun náà á gbé àyà sókè bí àgbàlagbà, á gba owó lọ́wọ́ mi, á lọ ra iyọ̀.

Ọkọ mi ń gbẹ́rù ní wọ́ọ̀fù ní Àpápá. Nígbà tí SAP dé, tí ọkọ̀ ojú omi ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n síṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń rí nǹkan gbà. Ó pè mí jókòó, ó ní ìyá òun fi ọmọ yìí lé òun lọ́wọ́ kó tó kú, òun ò fẹ́ kó di ẹni tó ń kiri ọjà lójú títì, ṣé a lè ṣọ́wọ́ ná kó fi kàwé débi tó bá lè kà á dé... mo ní ṣé ìyẹn náà ni ọ̀rọ̀? Mi ò tíì bímọ nígbà yẹn, gbogbo agbára mi wà níbẹ̀. Kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ lé jáde nílé wa. Mo lọ bá àwọn kápẹ́ńtà àdúgbò wa, mo ní kí wọ́n yé sun lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n bá rẹ́, èmi á máa wá gbá a, wọ́n ní kí n máa bọ̀, n óò bá wọn gbálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Mo wá agolo ọ̀dà ńlá kan, mo dá ihò sí i nísàlẹ̀, mo gbé ìgò sí àárín rẹ̀, mo ki lẹ́búlẹ́bú yí ìgò náà ká títí ó fi le gbagidi, mo wá rọra lọ́ ìgò náà yọ. Ihò á dúró láàárín, n óò ti igi wẹ́wẹ́ bọ ìsàlẹ̀, n óò ṣáná sí i... ẹ̀wà á jinná, omi ìwẹ̀ á gbóná, iná náà ò ní tíì kú. Omi òjò tó ń ti orí páànù ṣàn, mo gbé dúrọ́ọ̀mù dè é, torí omi kànga àdúgbò wa níyọ̀, ó tún pọ́n. Omi tí mo bá fi fọṣọ, òun ni mò ń fi fọ ilẹ̀ yàrá, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ó di ti ilé ìyàgbẹ́. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ará ilé ń dà nù, mò ń sá a, mò ń sun ún, eérú rẹ̀ ni mò ń pò mọ́ àdín tí mo fi ń se ọṣẹ. Èèpo iṣu jẹ́ ti ewúrẹ́. Táyà mọ́tò tó ti gbó, mo rọ iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewúro sí i lẹ́yìnkùlé. Mi ò gba náílọ́ọ̀nù lọ́jà, abọ́ ni mò ń gbé lọ, torí náílọ́ọ̀nù ló ń di gọ́tà wa pa, tí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wá bá wa lórí ẹní. Àpò fúláwà tó bá ya ní wọ́ọ̀fù, ọkọ mi á kó o wálé, n óò sè é, n óò rán an, òun ni mò ń ró nínú ilé. Aṣọ gidi ń bẹ lára ọmọ tó ń lọ sílé ìwé.

Ní báyìí wọ́n ti ń pè é ní ìtọ́jú àyíká lórí rédíò, mo gbọ́ ìyáàfin kan tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi èèpo iṣu bọ́ ẹran, bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí èmi ń ṣe é, ahun ni wọ́n ń pè mí. Àwọn obìnrin ilé wa á máa dárin sí mi tí mo bá gbé àpò lẹ́búlẹ́bú kọjá, wọ́n á ní akódọ̀tí ti dé, onílé ẹ ṣọ́ èèpo yín. Ọ̀wọ́n kẹrosíìnì dé, wọ́n tò sórí ìlà láti àárọ̀, wọ́n bá ara wọn jà, àwọn kan nínú wọn padà wá bá mi, wọ́n ní ìyàwó, báwo la ṣe ń ki agolo yẹn? Mo kọ́ wọn. Ṣé ẹ rí i, mi ò ní ìkórìíra nínú, kí ẹ mọ irú ẹni tó ń kọ̀wé sí yín.

Ọmọ náà kàwé. Ó jáde girama, ó kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ó mọ ìwé tẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ọjọ́ tó gba iṣẹ́ náà mo sunkún ayọ̀, mo pa àkùkọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé aṣọ òun ń rùn fún èéfín. Ó ní kí n má sá aṣọ òun sí tòsí sítóòfù lẹ́búlẹ́bú mi. Ó dáa, mo gbé okùn aṣọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún ní kí n yé pe òun ní Eyínfúnjowó, pé ti ará oko ni, ó ń ti òun lójú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bá wá, kí n kúkú máa pe òun ní Àǹtí. Mo ní kò burú, Àǹtí. Ẹ wò ó, ẹ fi ọkàn sí ibí yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti wọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ tí obìnrin ń pe ọmọdé ní Eyínfúnjowó, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìyàwó ilé ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń pe ọmọ kékeré ní Àǹtí nílùú Èkó yìí, tó tún ń kúnlẹ̀ fún un, ta ni? Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́.

Ó wá rí ọkọ àfẹ́sọ́nà. Ará Wàrrì ni wọ́n, bàbá ọmọkùnrin náà ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé ní Àpápá. Lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó kan, mo ti kó ẹrẹ̀ gọ́tà tán, mo ró àpò fúláwà mi, mò ń ki sítóòfù lójúde, lẹ́búlẹ́bú kún irun mi, ni mọ́tò kan dúró. Obìnrin tó mọ́ tónítóní sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ni ìyá ọmọkùnrin náà, òun ń kọjá, òun ní kí òun yà kí ìyàwó òun. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà, mo ní Àǹtí, ẹ ní àlejò o. Ó jáde. Mo kúnlẹ̀ kí àlejò, mo tún kúnlẹ̀ bá òun náà sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní ṣé kí n gbé omi wá fún wọn. Màmá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ fún Àǹtí pé, "Your house-girl sabi work o." Mo gbójú sókè wo Àǹtí. Mò ń retí kó rẹ́rìn-ín, kó ní rárá o, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyí, òun ló tọ́ mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ. Ó ní, "Yes ma." Mo dìde, mo lọ gbé omi wá fún wọn.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó wólẹ̀, ó sunkún, ó ní àṣìsọ ni, ẹ̀rù ló ba òun. Ó ti parọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ń ṣòwò aṣọ, pé Kútọnu ló sábà máa ń wà. Mo ní kò tíì bàjẹ́, kó lọ ṣàlàyé fún wọn. Ọkọ mi dé, mo ròyìn fún un, mo rò pé ilé á dàrú. Kò kígbe rárá. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní ọ̀rọ̀ ti jáde, kò ṣe é kó mọ́, pé tí a bá lọ sọ pé irọ́ ni, wọ́n á ní ìdílé onírọ́ ni wá. Ó ní ṣebí èmi náà ni mo fi gbogbo ọdún yìí ṣọ́wọ́ ná nítorí ọmọ yìí, ṣé n óò wá jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí orúkọ lásán? Orúkọ lásán. Mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀ ná, títí ìgbéyàwó á fi kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ ọ̀dọ̀. Gáàsì wọ́n ní Àpápá náà, Mọ́mì Àpápá (bí mo ṣe ń pè é nìyẹn) wá rántí sítóòfù mi, ó ní kí Àǹtí yá òun ní housegirl rẹ̀ kó wá kọ́ kúùkù òun. Wọ́n rán mi. Ọkọ mi ló fún mi lówó ọkọ̀. Mo lọ, mo kọ́ kúùkù, mo tún fi bí wọ́n ṣe ń fi omi ìfọṣọ fọ ilẹ̀ hàn wọ́n, mo bá wọn gbin ewúro sínú táyà lẹ́yìn ilé, obìnrin náà ń pa àtẹ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: obìnrin yẹn dáa. Ó ní kí n yé kúnlẹ̀ fún òun. Ó fún mi ní àga tìmùtìmù, ó bu oúnjẹ sínú àwo kan náà tí òun ń jẹ. Kò sẹ́ni tó pọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi lé bẹ́ẹ̀ rí, ọkọ mi kò ṣe é, Àǹtí kò ṣe é, ó wá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń parọ́ fún ni mo ti gbọ́ ẹ kú iṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé mo ti lọ́kọ. Mo ní rárá. Ó bi mí pé ṣé mo ní ọmọ kankan. Mo tún ní rárá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, mo wá a fún ọdún gbọọrọ kí n tó rí i, ẹ máa gbọ́ o, mo jókòó sórí àga tìmùtìmù, mo fi ẹnu ara mi sẹ́ ẹ. Obìnrin náà káàánú mi, ó di aṣọ àlòkù fún mi, nígbà tí mo délé, ọkọ mi yẹ̀ wọ́n wò, inú rẹ̀ dùn, ó ní a ò ní ra aṣọ lọ́dún yìí nìyẹn.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn mi. Mọ́mì Àpápá tún yà wá lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ń sáré kiri, ó fi ẹsẹ̀ gbá agolo gbígbóná. Ó figbe ta. Ọmọ tó bá farapa, ṣebí ìyá rẹ̀ ló ń ké pè? Ó sáré wá sọ́dọ̀ mi, ó dúró, ó wo ojú àlejò, ó wo ojú Àǹtí, ó ní, "Sístà, ẹsẹ̀ mi." Sístà. Àǹtí ló kọ́ ọ, ó sì ti fi bisikí bẹ̀ ẹ́ kó má baà gbàgbé. Mo da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, mi ò lè gbé e mọ́ra bí mo ṣe fẹ́, torí ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí. Títí di ìsinsìnyí, ọmọ yẹn máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó tó mọ èyí tó máa pè mí. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní ọmọdé ni, á gbàgbé.

Wọ́n ti wá múra ìdána báyìí. Ọkọ mi ti wá obìnrin kan tó ń ta aṣọ, tó sanra, tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ lò, òun ni yóò jókòó ti ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ tó ti Kútọnu dé. Yóò jókòó síbi tí mo yẹ kí n jókòó, yóò gba ìkúnlẹ̀ tó jẹ́ tèmi, yóò gbàdúrà lé ọmọ tí mo tọ́ lórí. Èmi ńkọ́? Èmi máa wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn agolo mi, n óò se ìrẹsì àlejò, torí ọkọ mi ní tí a bá gbé oúnjẹ fún àwọn alásè, ìnáwó ni, sítóòfù mi sì wà nílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò tiẹ̀ wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Lọ́pọ̀ ni wọ́n ta èmi.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé kí n fara dà á, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, wọn á gbé ìyàwó lọ, èmi á padà di ara mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ìyókù. Mọ́mì Àpápá ti bẹ Àǹtí pé nígbà tó bá ń bọ̀ nílé ọkọ, kó mú housegirl rẹ̀ dání, torí irú ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ nǹkan lò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, pé òun á máa san owó fún mi lóṣooṣù. Àǹtí ti ní kò sí wàhálà. Kò bi mí. Wọ́n ti ka gbogbo ohun tí ìyàwó máa gbé lọ sílé ọkọ, àpótí aṣọ, ìkòkò, ọlọ, abọ́, wọ́n sì kà mí mọ́ ọn. Mo bi ọkọ mi pé ṣé ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́, kí n lọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn òun á wá sọ pé wọ́n ń wá mi ní abúlé. Ó ní òun àti ọmọ á máa manage, àti pé ẹnu tó ń jẹun nílé á dín ẹyọ kan, owó mi á tún máa wọlé. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ìgbà tó pè mí jókòó níjọ́sí nítorí ìwé ọmọ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá la ẹnu, ìgbéyàwó á dàrú, ọmọ tí mo fi èéfín fọ́ ojú mi tọ́ á jókòó sílé, gbogbo ayé á ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bà á jẹ́ fún un, kò sẹ́ni tó máa rántí "Yes ma." Tí mo bá dákẹ́, ọmọ tèmi ńkọ́? Ta ló máa pè ní ìyá? Ẹ má pa òwe ṣoore má lòṣó tì í fún mi, mo mọ̀ ọ́n, mi ò lòṣó ti oore, àyè mi nílé ọkọ mi ni mò ń wá. Ó ń wù mí nígbà mìíràn kí n lọ bá Mọ́mì Àpápá fúnra mi kí n jẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ojú wo ni n óò fi wò ó lẹ́yìn tí mo ti sẹ́ ọkọ tí mo sẹ́ ọmọ níwájú rẹ̀? Àná ni Àǹtí ra báàgì Ghana-must-go kan wá fún mi, tuntun ni, ọkọ mi ló fún un lówó rẹ̀, ọkùnrin tí kò ra aṣọ fún mi láti ìgbà tí SAP ti dé. Wọ́n ní kí n ti máa kó ẹrù mi díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n di aṣọ àlòkù mi sínú rẹ̀ kí n tẹ̀ lé ìyàwó lọ sí Àpápá? Àbí kí n kó tèmi àti tọmọ mi sínú rẹ̀, kí n gba ilé àwọn òbí mi lọ kí ọjọ́ náà tó pé? Àbí kí n fi í sílẹ̀ lófìfo, kí n wẹ̀, kí n wọ aṣọ ìgbéyàwó mi, kí n lọ jókòó ti ọkọ mi lójú gbogbo wọn, kí obìnrin Kútọnu wá bá mi níbẹ̀? Mi ò tíì kó nǹkan kan sínú báàgì náà, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ tètè dá mi lóhùn.